Ọmọlangidi Mẹ́ta Nílé Wa

Ọjọ́ tí Sherifa kọ́kọ́ wọ àgbàlá wa lẹ́yìn Lapaz ní Accra ni mo ti fura sí i. Ó ń rẹ́rìn-ín jù. Ó gbé àpò aṣọ kan tó wú kọ́ èjìká, ó tẹ orúnkún díẹ̀ bí ẹni pé ilẹ̀ ń jó o, kò kúnlẹ̀ tán tó ti dìde.

“Ẹ káàárọ̀, Màmá. Èmi náà Alata ni o, ọmọ Yorùbá bíi tiyín. Sherifa ni wọ́n ń pè mí. Mò ń gbọ́ Yorùbá, ṣùgbọ́n mi ò lè sọ ọ́ dáadáa.”

“O ti sọ ọ́ tó. Kí lo wá ṣe?”

Ó ní òun àti ẹlẹgbẹ́ òun máa wá bá wa ṣeré lọ́sàn-án ọjọ́ Sọ́ńdè, ní ilé kéwú Álúfà Súràjùdéènì. Gémù ni, ó ní, gémù nípa omi: bí omi ṣe ń tán ní àdúgbò, àti bí àwọn aládùúgbò ṣe ń pín ìwọ̀nba tó bá kù. Kí ilé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tó wà lójú ọ̀nà wa rán àgbà kọ̀ọ̀kan wá.

Mo wò ó láti òkè délẹ̀. Mo ti pé ọdún márùnlélọ́gọ́ta. Kí wọ́n tó bí i ni mo ti ń ta próvíṣọ̀n ní ọjà Tudu. Ọjọ́ kẹsàn-án rèé tí omi ẹ̀rọ kò yọ, gálọ́ọ̀nù aláwọ̀ ìyeyè tò sẹ́nu ilẹ̀kùn wa bí èrò tó ń dúró de ọkọ̀, ọmọ yìí sì ní kí n wá ṣeré omi.

“Ta ló rán yín?”

“Ọ́fíìsì wa ni, Màmá. A máa ń lọ láti àdúgbò dé àdúgbò. Eré tó ní ìtumọ̀ ni, ẹ máa gbádùn ẹ̀ paa.” Ó fa ìwé kan yọ nínú àpò, ó ṣí bírò. “Mepa wo kyɛw, ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin mélòó lẹ ń sùn nínú ilé yìí?”

Ìbéèrè yẹn ni. Mo ti mọ̀ pé ó ń bọ̀. Lẹ́yìn kọ́tìnnì tó wà lẹ́yìn mi gan-an, mo gbọ́ tí Lọ́pẹ́ dáwọ́ aṣọ tó ń ká dúró.

“Ẹ wá lọ́jọ́ Sọ́ńdè yẹn,” ni mo wí, mo sì ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn lójú.

Ọmọ àbúrò mi tó ti kú ni Lọ́pẹ́. Inísà ló ti wá. Ọkọ rẹ̀ lọ wá iṣẹ́ ní Líbíyà, ó sì ti pé oṣù mẹ́fà tí ẹnikẹ́ni kò gbóhùn rẹ̀. Lọ́pẹ́ gbé oyún tó fi sílẹ̀, ó wọ ọkọ̀, ó gba Àfláò wọlé, ó wá bá mi. Oṣù mẹ́ta ni wọ́n fún un ní ibodè. Ó ti lo márùn-ún. Kò ní káàdì Gánà, kò ní ìwé kankan tó lè fi hàn, ọ̀rọ̀ méjì péré ló mọ̀ nínú èdè Twi, ó sì máa ń sọ méjèèjì pọ̀. Láìpẹ́ yìí ni àwọn kan gbé pátákó kiri ìgboro Accra pé kí àwọn ará Nàìjíríà máa lọ sílé wọn. Ọ̀rọ̀ náà ti rọlẹ̀ nígboro, ṣùgbọ́n kò rọlẹ̀ lọ́kàn mi. N kò jẹ́ kí Lọ́pẹ́ yọjú síta mọ́ àfi ní ìdájí, tí ó bá fẹ́ lọ pọn omi níbi kànga tó wà lẹ́yìn ojú irin. Faruk ọmọ mi ti máa ń gbé ọkọ̀ jáde nígbà yẹn, ìyàwó rẹ̀ ń múra ibi iṣẹ́, orúnkún tèmi kò sì gbé ẹrù mọ́. Lọ́pẹ́ nìkan ló kù. Nọ́ọ̀sì ní kó má gbé nǹkan wúwo. Mo ti ń sọ fún ara mi láti ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀ pé ó kù díẹ̀ kó sinmi.

Àwọn tí mo jù lọ máa ń sọ pé mò ń sá fún òjìji. Wọn kò sí níbẹ̀ ni. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí lọ́dún 1969, nígbà tí ìjọba ní kí gbogbo àlejò tí kò ní ìwé kúrò ní Gánà láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ohun tí mo rántí jù kì í ṣe lọ́rì tó kó wa lọ, kì í sì í ṣe ẹkún ìyá mi. Ọkùnrin kan ni mo rántí, tó ti wá sílé wa ní oṣù díẹ̀ ṣáájú, tó mú ìwé ńlá dání, tó ń rẹ́rìn-ín. Bàbá mi fún un ní àga, ó fún un ní mílíìkì alágolo. Bàbá mi wá ń pè wá jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, gbogbo wa mẹ́rìnlá, ó ń dárúkọ wa, inú rẹ̀ ń dùn pé ilé òun kún. Ìyá mi kò fẹ́ ẹ. Nílé tiwọn, ẹnikẹ́ni kì í nàka sí ọmọ ọlọ́mọ kó máa kà á bí ẹni ń ka iṣu. Bàbá mi ní kó fi òun sílẹ̀, pé aráàlú ni wá. Nígbà tí ọlọ́pàá dé, iye wa ni wọ́n kọ́kọ́ pè. “Ẹ̀yin mẹ́rìnlá,” ni wọ́n wí, kí wọ́n tó kí wa rárá. Bàbá mi gbé ọ̀rọ̀ yẹn dé sàréè, pé ẹnu òun ni òun fi kà wá.

Nítorí náà, lọ́jọ́ Sátidé, n kò lọ sí Tudu. Mo yí ilé mẹ́ta tó kù ká. Ọ̀dọ̀ Bàdárù ni mo kọ́kọ́ lọ, télọ̀ tó ń rán aṣọ fún àwọn oníṣòwò ọjà Makola. Ènìyàn mọ́kànlá ló ń sùn nílé rẹ̀: òun, ìyàwó, ọmọ mẹ́ta, àti ọmọ iṣẹ́ mẹ́fà tó kó wá láti Ọ̀fà. Kí n sọ òótọ́, n kò fọkàn tán Bàdárù tán. Ó máa ń bá àwọn ọlọ́pàá ìkóríta ṣàwàdà, ọkùnrin tó bá sì lè bá ọlọ́pàá ṣàwàdà, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo máa ń wò ó. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yẹn, ó gbọ́ mi.

“Ìyá Faruk, ṣé ẹ rò pé ìmígíréṣọ̀n ni wọ́n?”

“N kò rò ó. Mo mọ̀ ni. Ta ló ń kó àgbàlagbà jọ pé kí wọ́n wá ṣeré? Iye wa ni wọ́n fẹ́ mọ̀.”

“Tá ò bá lọ ńkọ́? Wọ́n á ní a ní nǹkan tá à ń fi pa mọ́.”

“A ó lọ. Ẹni tó bá ní káàdì Gánà lọ́wọ́ nìkan ni ká kà. Ẹni tí kò bá ní, kò sí nílé wa.”

Ó fi sísọ́ọ̀sì gé òwú kan, ó rò ó títí. “Káàdì nìkan. Èmi, ìyàwó mi, àti àwọn ọmọ mi àgbà méjì. Mẹ́rin nìyẹn.”

“Mẹ́rin lẹ jẹ́. Tí wọ́n bá bi ọ́ lẹ́ẹ̀mẹwàá, mẹ́rin.”

Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún Ojúọlá onídìrí, òun náà gbà: mẹ́fà ni wọ́n, ó ní òun á sọ pé méjì. Mo lọ bá Álúfà Súràjùdéènì. Ogún ènìyàn ló ń sùn nílé tirẹ̀, ọmọ kéwú ló sì pọ̀ jù nínú wọn. Òun nìkan ló fà á, ó ní irọ́ kò dára lẹ́nu òun. Mo ní kì í ṣe irọ́, kó kàn má fi kún ohun tí wọ́n bá bi í. Ó mí kanlẹ̀, ó ní ó dáa, mẹ́ta. Èmi ni mo pẹ́ jù lójú ọ̀nà wa, èmi ni mo sì dàgbà jù. Tí mo bá ti sọ̀rọ̀, wọn kì í sábà bá mi jiyàn.

Nírọ̀lẹ́, Lọ́pẹ́ bi mí léèrè. “Ìyá, tí wọ́n bá béèrè èmi ńkọ́?”

“Ta ni ọ́?” ni mo wí.

Ó rò pé mò ń ṣàwàdà, ó rẹ́rìn-ín. Èmi kò rẹ́rìn-ín.

Kí n tó dé ilé kéwú lọ́jọ́ Sọ́ńdè, wọ́n ti tẹ́ aṣọ fífẹ̀ kan sílẹ̀, wọ́n ya ojú ọ̀nà sí i, wọ́n ya ilé mẹ́rin sí i. Ilé wa ni. Wọ́n tilẹ̀ ya igi máńgò tó wà lẹ́yìnkùlé Bàdárù. Ta ló sọ fún wọn pé Bàdárù ní máńgò? Abọ́ gíláàsì ńlá kan wà láàárín, ó kún fún ìdérí ìgò aláwọ̀ búlúù. Ọkùnrin kan tó bá Sherifa wá jókòó sí kọ̀rọ̀, ìwé lórí itan. Sherifa ní Yusif lorúkọ rẹ̀. Ó mi orí sí wa, kò la ẹnu. Láti ìgbà náà lọ, n kò gbé ojú mi kúrò lára bírò rẹ̀.

“Ìdérí kan, báàkẹ́tì omi kan,” Sherifa wí. Ó da àwọn ọmọlangidi pákó kéékèèké sílẹ̀ láti inú àpò aṣọ rẹ̀. “Ọmọlangidi kan, ènìyàn kan. Ẹ mú iye tó bá iye àwọn tó ń sùn nílé yín mu, ẹ tò wọ́n sórí ilé yín. Lọ́sẹ̀ kan, ọmọlangidi kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ gba ìdérí méjì. Èyí tí kò bá rí i gbà, ẹ fi dùbúlẹ̀. Àìsàn ti mú un nìyẹn. Èmi á máa da omi sí abọ́ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ṣùgbọ́n á máa dínkù. Ẹ̀yin lẹ máa sọ bẹ́ ẹ ṣe fẹ́ pín in.”

Gbogbo wọn yíjú sí mi. Àgbà ló ń kọ́kọ́ mú. Mo na ọwọ́, mo mú ọmọlangidi mẹ́ta: èmi, Faruk, àti ìyàwó rẹ̀. N kò mú ti àwọn ọmọ Faruk mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, n kò mú ti Lọ́pẹ́. Bàdárù mú mẹ́rin. Ojúọlá mú méjì. Álúfà mú mẹ́ta, àjà ló ń wò bó ṣe ń mú un.

Sherifa dúró, ó ń wo aṣọ náà. “Méjìlá péré? Ní ilé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin?”

“Méjìlá,” Bàdárù dáhùn. Ọ̀rọ̀ náà yá a lẹ́nu ju bí mo ṣe rò lọ.

“Àwọn ọmọdé tí mo rí lẹ́nu ọ̀nà lọ́jọ́sí ńkọ́?”

“Àlejò ni wọ́n,” ni mo wí. “Wọ́n ti lọ.”

Yusif kọ ọ́ sílẹ̀.

A bẹ̀rẹ̀. Lọ́sẹ̀ kìíní, a mú ìdérí mẹ́rìnlélógún, abọ́ kò mọ̀ pé a mú nǹkan kan. Lọ́sẹ̀ kejì, Sherifa gbé ohùn sókè pé páìpù ńlá ti bẹ́, omi ti dínkù. A mú tiwa, ó sì kù rẹpẹtẹ. Lọ́sẹ̀ kẹta, ó ní ọ̀gbẹlẹ̀ dé. Lọ́sẹ̀ kẹrin, ó ní ọkọ̀ olómi kọ̀, kò wá mọ́. Mo rí i pé ó ń retí kí a figbe ta, kí a bi ara wa léèrè ẹni tó gba omi jù, kí ẹnìkan dá ẹnìkejì lẹ́bi. Àwa ń mú ìdérí wa jẹ́jẹ́, à ń sọ “ẹ ṣeun” fún ara wa. Bàdárù tilẹ̀ da ìdérí méjì padà, ó ní omi ti pọ̀ jù nílé òun.

“Kí omi gidi rí báyìí ná,” Ojúọlá wí, ó sì bú sẹ́rìn-ín. Mo fi ojú kìlọ̀ fún un, ó gbé ẹ̀rín náà mì.

Nígbà tó yá, Yusif gbé fóònù sókè, ó ya àwòrán.

“Kí lò ń yà?”

Sherifa ló dáhùn fún un. “Aṣọ nìkan ni, Màmá. Kò ya ojú ẹnikẹ́ni.”

“Yí i wá kí n wò ó.”

Yusif yí i wá. Òótọ́ ni, aṣọ àti ọmọlangidi nìkan ló wà níbẹ̀. Síbẹ̀ n kò gbà á gbọ́, mo ní kó tún fi èyí tó wà ṣáájú rẹ̀ hàn mí. Àwòrán oúnjẹ ọ̀sán rẹ̀ ni, wáákyè àti ẹyin. Àwọn tó kù rẹ́rìn-ín, èmi nìkan ni n kò rí ohun ẹ̀rín níbẹ̀.

Títí di ọ̀sẹ̀ kẹfà, ọmọlangidi kan ṣoṣo kò dùbúlẹ̀. Kí n má purọ́, ó dùn mọ́ mi. Mo ń wo àwọn méjìlá yẹn bí wọ́n ṣe dúró ṣánṣán tí omi yí wọn ká, mo sì ń rò ó pé a ti gbọ́n ju ìwé ọwọ́ wọn lọ.

Sherifa jókòó sílẹ̀. Ojú rẹ̀ dà bí ojú ẹni tí ọbẹ̀ jóná mọ́ lọ́wọ́. Òun àti Yusif sọ̀rọ̀ díẹ̀ ní Twi, ohùn wọn sì lọ sílẹ̀, ṣùgbọ́n mo gbọ́ Twi ju àwọn méjèèjì lọ. Ohun tí Sherifa sọ ni pé, “Ó dáa, àwọn ọ̀hún ló máa gbà á nìyẹn.”

“Ta ló máa gba kí ni?” mo bi í.

Ó yíjú sí gbogbo wa. “Ẹ ṣeun paa. Mo lè sọ ọ́ báyìí. Ọ́fíìsì wa fẹ́ gbẹ́ kànga ẹ̀rọ kan, ká gbé pólítáǹkì ńlá tí omi á máa wà nínú ẹ̀ tì í. Ọ̀kan péré la ní. Àdúgbò mẹ́ta ló ṣe eré yìí. Ibi tí omi bá ti kọ́kọ́ tán nínú eré la máa gbé e sí, torí ibẹ̀ ni ènìyàn pọ̀ sí ju omi lọ. Tiyín ò tán rárá. A ò tíì rí irú ẹ̀ rí.”

Ojúọlá wo ìdérí tó kù nínú abọ́.

“Kí ló dé tẹ́ ẹ ò sọ ọ́ látàárọ̀?” Ojúọlá béèrè.

Ojú ti Sherifa díẹ̀. “Tá a bá sọ ọ́ ṣáájú, gbogbo ènìyàn á máa fi kún iye ilé wọn. Wọ́n ṣe é fún wa lọ́dún tó lọ. Ilé kan ní ogójì làwọn, àṣé wọ́n ka ewúrẹ́ mọ́ ọn.”

Bí àwọn náà ṣe ń fura sí wa nìyẹn. Wọ́n fi pólítáǹkì pa mọ́ fún wa, àwa fi ènìyàn pa mọ́ fún wọn. N bá rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n Lọ́pẹ́ ló wá sí mi lọ́kàn. Láàárọ̀ ọjọ́ náà gan-an, ó ti lọ sí kànga ẹ̀yìn ojú irin lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà kejì, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ láàárín ọ̀nà, ọwọ́ méjèèjì lábẹ́ ikùn, kò lè dìde títí ìyàwó Bàdárù fi fà á sókè. Oṣù kẹjọ ló wà. Ẹ̀rọ omi kan lè wà lẹ́nu ọ̀nà wa, mo sì ti fi ọwọ́ ara mi tì í lọ.

Mo dìde. “A kì í ṣe méjìlá.”

“Màmá…”

“Méje la jẹ́ nílé mi. Mo fi mẹ́rin pa mọ́.”

Ìgbà náà ni Yusif la ẹnu bá wa sọ̀rọ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́. Yorùbá ló sọ, Yorùbá tó já geere, ó dán ju ti Sherifa lọ. “Ìyá, ìgbà tí ẹ gbọ́ pólítáǹkì lẹ tó rántí wọn?”

Gbogbo ohun tí a ti ń sọ láàárín ara wa ló ti ń gbọ́. Bí mo bá wà ní ipò rẹ̀, ohun tí èmi náà á sọ nìyẹn.

Sherifa ní ọ̀nà kan ṣoṣo ló wà. Kí ilé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin gbà pé iye àkọ́kọ́ kò tọ̀nà, kí wọ́n fi àwọn ènìyàn wọn hàn lójúkojú, kí a tún eré náà ṣe. Ilé kan nìkan kò lè yí i padà.

Mo yíjú sí Bàdárù. “Bàdárù, sọ iye yín fún wọn.”

“Mẹ́rin,” ó wí.

“Bàdárù.”

“Ìyá Faruk, ẹ̀yin lẹ ní kí n sọ mẹ́rin tí wọ́n bá bi mí lẹ́ẹ̀mẹwàá. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni wọ́n tíì bi mí.”

Mo jáde, mo kọjá sí ilé, bí orúnkún mi ṣe ń dùn mí tó. Mo rò ó lójú ọ̀nà pé kí n padà. Mo rò ó pé bóyá pólítáǹkì yìí gan-an ni ìdẹ, bóyá eré ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni. Mo fa kọ́tìnnì. Lọ́pẹ́ jókòó létí ibùsùn, ó ti wọ bàtà, báàgì rẹ̀ wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Láti ọjọ́ Sátidé ló ti di ẹrù rẹ̀, n kò mọ̀.

“Ṣé wọ́n ti dé, Ìyá?” ó bi mí.

“Fi báàgì sílẹ̀. Wá.”

Ó di ọwọ́ mi mú títí a fi dé ilé kéwú. Nígbà tí a wọlé, Sherifa rí ikùn rẹ̀, ó fò dìde, ó gbé àga fún un. “Jọ̀ọ́, Sístà, jókòó.” Lọ́pẹ́ kò jókòó. Bírò Yusif ló ń wò, bí èmi náà ṣe ti ń wò ó látàárọ̀. Yusif rí i, ó pa ìwé dé.

“Ẹ̀yin náà ẹ mú tiyín jáde,” mo sọ fún àwọn tó kù. “Ẹ wò ó, mo ti mú tèmi jáde.”

Bàdárù rọra dìde. Kò pariwo. Ohun tó dùn mí jù nìyẹn, pé kò pariwo.

“Ọmọ àbúrò yín,” ó wí. “Lánàá, ẹ wá sí ṣọ́ọ̀bù mi, ẹ ní ẹni tí kò ní káàdì kò sí nílé wa. Mo gbà, nítorí ẹ̀yin lẹ sọ ọ́. Lónìí, ẹ gbọ́ pólítáǹkì, ẹ̀yin sì lẹ kọ́kọ́ sáré mú tiyín jáde. Ẹ jẹ́ kí n bi yín. Kí ni n kò mọ̀ tí ẹ̀yin mọ̀? Ṣé ẹ ti bá wọn sọ̀rọ̀ tẹ́lẹ̀ ni?”

“Èmi?”

“Ọ̀dọ̀ yín ni ọmọbìnrin yìí kọ́kọ́ wọ̀. Ẹ tilẹ̀kùn sọ̀rọ̀, a ò gbọ́ ohun tẹ́ ẹ sọ. Ọmọ ọlọ́mọ mẹ́fà ló wà lọ́wọ́ mi. Àwọn ìyá wọn ń bẹ lọ́hùn-ún. Mi ò ní kó wọn síwájú ẹni tó ń gbọ́ Yorùbá tó ń díbọ́n pé òun ò gbọ́.”

Ojú tó fi wò mí, mo mọ̀ ọ́n dáadáa. Ojú tí èmi fi wo Sherifa lẹ́nu ilẹ̀kùn mi ni. Mo fẹ́ sọ nǹkan, gbogbo ọ̀rọ̀ tó ń bọ̀ lẹ́nu mi ló ń dún bí ọ̀rọ̀ ẹni tó jẹ̀bi. Ó kó ọmọlangidi rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó da wọ́n padà sínú àpò Sherifa, ó kí Álúfà, ó jáde. Ojúọlá da méjì tirẹ̀ tẹ̀ lé e. “Ẹ má bínú, Ìyá,” ó wí, kò wo ojú mi.

Álúfà nìkan ló kù. Ó ń yí tèsùbáà lọ́wọ́. “Àwọn òbí ló fi ọmọ wọn sí mi lọ́wọ́,” ó wí níkẹyìn. “Ká ní gbogbo wa la jọ fẹ́ sọ ọ́ ni.” Kò parí rẹ̀.

Sherifa dúró pẹ́ lórí aṣọ náà. Ó bẹ̀ mí ní Yorùbá, ó bẹ̀ mí ní Twi, ó ní òun á kọ ọ́ pé òun rí Lọ́pẹ́ lójú ara òun, ṣùgbọ́n ọ́fíìsì kò ní gba ilé kan. Ó ká aṣọ náà pẹ̀lú ilé wa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin àti igi máńgò, ó kì í bọ àpò. Méjìlá ló wà nínú ìwé, méjìlá ló sì wà níbẹ̀ di òní.

Òdìkejì títì ni wọ́n gbé pólítáǹkì náà sí. Ó ga, dúdú ni, mo ń rí orí rẹ̀ láti ojú fèrèsé mi. Àwọn tó ni ín ló ń kọ́kọ́ pọn omi láàárọ̀. Tí wọ́n bá ṣe tán, wọ́n á jẹ́ kí àwa náà tò. Èmi ni mò ń lọ báyìí. N kò jẹ́ kí Lọ́pẹ́ fọwọ́ kan báàkẹ́tì mọ́. Ó ń bá wa tọ́jú àwọn ọmọ Faruk nílé, ó sì ń retí ọjọ́ ìkúnlẹ̀ rẹ̀. Ìdajì báàkẹ́tì ni orúnkún mi lè gbé, nítorí náà mo máa ń lọ lẹ́ẹ̀mẹrin.

Láàárọ̀ àná, mo bá Bàdárù níbẹ̀. Ó ti pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí a kò ti sọ̀rọ̀ kọjá “ẹ káàárọ̀”. Gálọ́ọ̀nù méjì wà lọ́wọ́ rẹ̀, àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà sì tò tẹ̀ lé e. Ọmọ kéwú Álúfà bíi mẹ́wàá wà lẹ́yìn wọn, àwọn ọmọ Ojúọlá sì wà lẹ́yìn tiwọn. Mo lọ dúró sí ẹ̀gbẹ́ Bàdárù. Kò wò mí.

“Wọ́n ti wá a wá?” ó bi mí.

Mo mọ̀ pé Lọ́pẹ́ ló ń sọ. “Rárá.”

“Wọn ò wá béèrè ohunkóhun?”

“Ẹnikẹ́ni ò wá.”

Ó mi orí. “Wọ́n ń bọ̀,” ó wí.

Mo wo ojú títì lọ sọ́nà Lapaz, níbi tí mọ́tò ti ń yà wọlé sí àdúgbò wa. Kí Ọlọ́run dárí jì mí. Apá kan nínú ọkàn mi ń fẹ́ kí wọ́n wá. Ó ń fẹ́ kí ọkọ̀ kan yà wọlé, kí àwọn tó wọ aṣọ ìjọba sọ̀ kalẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà mi lójú Bàdárù àti lójú gbogbo wọn, kí wọ́n béèrè Lọ́pẹ́ lórúkọ, kí ó lè hàn pé n kò fura lásán. Ọmọ àbúrò mi ni, oyún rẹ̀ ti pé oṣù mẹ́sàn-án, mo sì dúró níbẹ̀ láàárọ̀ kùtù, mò ń fẹ́ kí wọ́n wá mú un kí n lè jàre.

Ẹni tó wà lẹ́yìn mi ní kí n sún síwájú. Mo gbé báàkẹ́tì mi, mo sún síwájú.